Ṣé lóòótọ́ ni charter school ń gba owó mọ́ àwọn ilé-ìwé ìjọba yòókù lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ ló ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Charter jẹ́ ilé-ìwé ìjọba tí àjọ tó dá dúró ń darí, kì í sì í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí. Owó ìjọba ló ń ná. Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀, lọ́dún 1991.

Ní Pennsylvania, district (àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé ìjọba àdúgbò) tí ọmọ ń gbé ló ń sanwó fún charter, iye tí district ń ná lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye kan náà ni charter orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà, láìní kíláàsì tí yóò tún ṣe. Ìyẹn ò bójú mu rárá.

Ibi tí bàtà ti ń ta district lẹ́sẹ̀ nìyí: bí ọmọ 25 bá lọ, wọn kì í ti kíláàsì kan ṣoṣo jáde. Méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Owó wọn ti lọ, ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́, bọ́ọ̀sì àti owó iná ò dín. Ní Massachusetts, òfin 2019 ní kí ìpínlẹ̀ dá àlékún owó charter tí district san padà: 100% lọ́dún kìíní, 60% lọ́dún kejì, 40% lọ́dún kẹta.

Àwọn alátìlẹ́yìn charter náà ní ẹjọ́ tiwọn: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, charter kì í rí nínú owó orí ilé tí district fi ń kọ́lé.