Ọ̀nà Ilé Ni Kí O Kọ́kọ́ Mọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó ti pé oṣù méje tí mo ti ń gbé ní òkè òkun. Àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pè mí jáde ní alẹ́ Jímọ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó bá sì di aago méjì òru, kálukú á dágbére, á sì dá rìn lọ sí ilé rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀sán gangan ni. Èmi a máa fi ọwọ́ bo ife mi títí a ó fi dìde, wọ́n a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ra ọtí fún mi, ojú sì tì mí láti kọ̀ ọ́. Ṣé ojo ni mí ni, mà? Kí ni kí n ṣe tí n kò fi ní máa dá jókòó sílé?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kì í ṣe ojo. Ìbẹ̀rù tí o gbé dání yẹn, ibi tí o ti ń bọ̀ ni ó mọ̀ dáadáa. Kò tíì mọ ibi tí o wà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà kì í sì í ṣe aláìbẹ̀rù bí o ti rò. Nígbà tí mo ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo rò pé ọ̀rẹ́ mi kan kì í bìkítà rárá, títí di alẹ́ ọjọ́ tí mo wo ọwọ́ rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ilé ti wà ní ìka rẹ̀ kí a tó yọ sí àdúgbò rẹ̀, fóònù wà ní ọwọ́ kejì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ṣókùnkùn sílẹ̀ bọ́ sí ibi tí iná wà, láìdá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró. Òfin tirẹ̀ nìyẹn, ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò rántí pé ó yẹ kí ó kọ́ mi. Nítorí náà, bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ léèrè láìtijú: òpópónà wo ni wọn kì í gbà, ọkọ̀ wo ló ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ta ni wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí tí wọ́n bá délé?

Mo mọ̀ pé àgbà mìíràn á ní kí o má jáde mọ́. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo ti rí ohun tí ìdánìkanwà ń fi ojú ọmọbìnrin rí ní ilẹ̀ àjèjì. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o ti mọ bí o ó ṣe padà sílé kí o tó wọ bàtà jáde, kí owó takisí wà lọ́tọ̀, kí iná fóònù rẹ sì kún. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Tokyo, ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru títí di aago márùn-ún ìdájí, nítorí náà ẹni tó bá pàdánù èyí tó kẹ́yìn ti há síta. Ní London, o lè na ọwọ́ dá takisí dúdú dúró lójú pópó, ṣùgbọ́n òfin kò gba awakọ̀ aládàáni tó ń gbé èrò láyè láti gbé ẹni tí kò ti pè é sílẹ̀. Ẹni tó bá wá pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ijó tó ní kí o wọlé, má wọlé. Èyí tí o bá sì pè, wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà, kí o bi awakọ̀ pé ta ni ó wá gbé. Má ṣe jẹ́ pé ìwọ ni o máa kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ.

Há nọ́ńbà pàjáwìrì sórí: 112 ni ní gbogbo orílẹ̀-èdè European Union, 911 ní Amẹ́ríkà, 110 fún ọlọ́pàá ní Japan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fi fóònù alágbèéká pe 999 tí kò lè sọ̀rọ̀ lè tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kí ó tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ kan náà, láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Lincolnshire, obìnrin tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ lè lọ bá àwọn tó ń ta ọtí kí ó ní òun ń wá “Angela”. Ní ibi tí wọ́n bá ti ń lò ó, wọ́n á mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ló ń wá.

Ní ti ife rẹ, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tí o bá fi sílẹ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, má padà sórí rẹ̀. Kì í ṣe oògùn nìkan ni àwọn oníṣẹ́ ibi ń dà sí i. Ẹlòmíràn á fi ọtí líle kún èyí tí kò le. Bí òòyì bá ṣàdédé kọ́ ọ ju ohun tí o mu lọ, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tàbí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má sì bá àjèjì kankan jáde, kódà kí ó jẹ́ pé ó ní òun fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹ tètè dé ilé ìwòsàn, nítorí pé oògùn mìíràn wà tí àyẹ̀wò ìtọ̀ kì í rí mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 12. Ẹ̀bi rẹ kọ́ ni, ọmọ mi, ohunkóhun tí o bá wọ̀, iyekíye tí o bá mu.

Ti ọkùnrin tó ra ọtí: “Ẹ ṣé, mo ti ní” ti tó, lẹ́yìn náà kí o kọjú sí àwọn tí ẹ jọ wá. O kò jẹ ẹ́ ní àlàyé. Bí ó bá wù ọ́ láti gbà, ẹ jọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, kí ó jẹ́ ojú rẹ ni wọ́n ti máa dà á, kí o sì gba ife náà lọ́wọ́ ẹni tó dà á.