Níbo Lẹ Fẹ́ Máa Ro Ọkà Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ilé wa ní Àpáta la ń tún ṣe. Káfíńtà fi àwòrán kíṣìnì hàn mí lórí fóònù: kọ́bọ́ọ̀dù láti ìsàlẹ̀ dókè, gáàsì olójú mẹ́rin tí wọ́n máa rì mọ́ inú mábù. Ó wù mí. Àmọ́ ìyá ọkọ mi wò ó, wọ́n ní, “Níbo lẹ fẹ́ máa ro ọkà sí?” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ṣé kí káfíńtà máa bá iṣẹ́ lọ? — Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín. Ẹ ní kí káfíńtà sinmi ná.

Nígbà tí mo ṣe mábù sí kíṣìnì tèmi ní Ọ̀jọ́ọ̀, ínǹṣì 36 ni wọ́n gbé e ga sí, torí ìwọ̀n tí gbogbo wọn mọ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé gáàsì lé e, ìkòkò tún wà lórí ìyẹn. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, mo da èlùbọ́ sómi, mo mú ọmọrogùn: ẹnu ìkòkò ti fẹ́ẹ̀ kàn mí láyà! Mò ń wà á bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ìkòkò yọ̀, ọkà dà sórí táìsì tuntun. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Mọ́mì, ṣé kí n lọ ra búrẹ́dì?”

Ọkà ò dà bí ọbẹ̀ téèyàn ń fi ṣíbí rò lórí ìdúró. Àpótí lèèyàn ń jókòó lé, kí èjìká lè wálẹ̀ sórí ọmọrogùn.

Látìgbà náà, tí mo bá dé ilé ẹnikẹ́ni n'Íbàdàn, kíṣìnì ni mo kọ́kọ́ ń yọjú sí. Ti màmá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Òkè-Àdó ló wù mí jù. Mábù wọn ga bíi tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ilá. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ní kí bíríkìlà to búlọ́ọ̀kù ìlà kan péré ṣe pèpéle. Gáàsì olójú kan wà lórí rẹ̀, àpótí wà níwájú, ọmọrogùn mẹ́ta àti ìjábẹ̀ rọ̀ sára ìṣó lápá ọ̀tún. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ìwọ̀n? Wọ́n ní àwọn jókòó, àwọn gbé ìkòkò òfìfo síwájú, àwọn ń rò ó, bíríkìlà sì ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ẹ fojú inú wo bíríkìlà náà!

Kì í ṣe àṣejù o. Lọ́dún 1926, obìnrin ayàwòrán-ilé kan, Margarete Schütte-Lihotzky, ya kíṣìnì fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ń kọ́ ní Jámánì. Kò ju mítà 1.9 ní ìbú àti mítà 3.4 ní gígùn lọ. Ìrìn ẹsẹ̀ obìnrin tó ń dáná ló fi wọn gbogbo rẹ̀, ó tiẹ̀ fi àga tó ń yí sí i. Ibẹ̀ ni kíṣìnì oníkọ́bọ́ọ̀dù tí káfíńtà yín ń fi hàn yín ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ro ọkà ní Frankfurt.

Ẹ má fi sílíńdà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí, kì í gba fèrèsé òkè jáde. Ìta ni kó wà, kí ihò sì wà nísàlẹ̀ ògiri nítòsí pèpéle. Abẹ́ síǹkì náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án pa. Kẹ́ẹ̀gì omi ló nibẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀dí ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ní blẹ́ńdà. Ṣé kí n ju odó àti ọlọ ìyá mi nù? — Ọmọ Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Mo dé agbo ilé kan ní Ìdí-Arẹrẹ, obìnrin mẹ́rin, àdògán mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó ní blẹ́ńdà, ẹ̀rọ àdúgbò ló ń lọ ata wọn. Ọlọ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò, kì í gbẹ láàárọ̀. Odó ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má gún un lórí táìsì, á là á. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ àpò sí i nídìí.