Kí ló dé tí ọmọ àkùkọ ńlá ò tóbi tó bàbá rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àkùkọ oníkílò 3 lẹ fi sáàárín àwọn àgbébọ̀ ìbílẹ̀ yín, pé ọmọ wọn ò tóbi tó o, bóyá kí ẹ tà á. Kò dájú pé ẹni tó tà á fún yín rẹ́ yín jẹ. Àwọn tí inú ń bí mi sí ni àwọn onímọ̀ràn tó ń sọ fún àgbẹ̀ pé "ẹ sáà ra àkùkọ ńlá", tí wọn kì í gbé òṣùwọ̀n dání.

Ìwọ̀n ara ò dà bí ọrùn tí kò níyẹ̀ẹ́. Jíìnì kan ṣoṣo (ohun àjogúnbá inú ara, tí ọmọ sábà máa ń gba ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá) ló ń mú ọrùn wà lásán: bí àkùkọ bá ní ẹ̀dà rẹ̀ kan, nǹkan bí ìdajì ọmọ rẹ̀ ló máa jogún un. Ti ìwọ̀n ara, jíìnì rẹpẹtẹ ló ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, oúnjẹ àti àìsàn sì tún dá sí i.

Ibi tó ti ń dun àgbẹ̀ gan-an nìyí. Àkùkọ yẹn lè tóbi torí pé wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ti àwọn yòókù, tó ń lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹyin ńlá ló ti jáde, tàbí pé àwọn yòókù ṣàìsàn tí òun ò ṣe. Kò sí èyí tí ọmọ ń jogún níbẹ̀, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n pa ẹyin wọn lọ́jọ́ kan náà, tó jẹun kan náà nínú ilé kan náà, ni kí ẹ fi wéra, akọ pẹ̀lú akọ, abo pẹ̀lú abo. Ẹ so òrùka mọ́ ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ wọ̀n wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 12, láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun.

Nínú adìẹ, ìpín ìyàtọ̀ ìwọ̀n ara tó ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ sábà máa ń wà láàárín 0.3 sí 0.5. Ẹ jẹ́ ká mú 0.3. Ká ní àkùkọ tẹ́ ẹ yàn fi gíráàmù 300 ju ìwọ̀n àárín àwọn akọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì ṣa àwọn abo rárá. 300 ti akọ àti òdo ti abo, ẹ pín in sí 2, ó di 150. Ẹ fi 0.3 sọ ọ́ di púpọ̀: gíráàmù 45 péré ni èrè yín lórí ọmọ! Bí àwọn abo tẹ́ ẹ ṣà bá fi 200 ju ẹgbẹ́ wọn, èrè yẹn á di 75. Ẹ ṣa abo náà.

Ní ti iye ẹyin, ọmọ kì í jogún un tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyin lẹ torí ẹ̀ fẹ́ yan àkùkọ, ẹ wo iye tí àwọn arábìnrin rẹ̀ ń yé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá gun ọmọ rẹ̀. Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí jíìnì 1 nínú 4 ni ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì máa wá láti orísun kan: ẹyin ò ní pa dáadáa, òròmọdìẹ á máa kú. Kódà àkùkọ 1 sí abo 10 ń fi nǹkan bí 14 nínú 100 kún irú jíìnì orísun kan bẹ́ẹ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan; àkùkọ 5 sí abo 40, kò tó 3.

Ti títà àkùkọ yẹn, ẹ dúró ná. Ẹ tọ́ ó kéré tán 20 ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ 20 ọmọ àkùkọ mìíràn, kí ẹ wọ̀n wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 12. Bí ọmọ tirẹ̀ ò bá wúwo ju ti èkejì lọ, ẹ gbé e lọ sọ́jà.