Kábúrétọ̀ tuntun, ẹjọ́ àtijọ́: ìbéèrè yín àti èsì mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú dédé ìwòyí o. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lọ́tẹ̀ yìí, kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìn, ló gba iwájú gba ẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù ayé àtijọ́ tẹ́ ẹ ò fẹ́ tà. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi fi Ford F-100 ọdún 1974 sílẹ̀ fún mi, ẹ́ńjìn 300 (ìwọ̀n inú ẹ̀ ní kúbíìkì ínṣì) onísílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀. Kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu kan tó bá a wá ti gbó, irin tó ń gbé ìlẹ̀kùn tọ́tù, èyí tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ téèyàn bá tẹ pẹ́dàlì, ti ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Mo wá ra tuntun ẹlẹ́nu mẹ́rin, 600 cfm (iye kúbíìkì fíìtì afẹ́fẹ́ tó lè gba inú ẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan), wọ́n ní bó bá ṣe tóbi tó ni agbára ẹ̀ ṣe máa tó, mo sì fi adápítọ̀ gbé e jókòó. Àmọ́ tí mo bá tẹ tọ́tù lójijì, ṣe ló máa kọ́kọ́ kú sára ná kó tó gbéra, sílóò ẹ̀ náà, ìyẹn bó ṣe ń yí téèyàn ò bá tẹ pẹ́dàlì, ò dúró. Níbo ni kí n yí?

Èsì: Àbúrò, má yí ibì kankan. Ẹni tó gbà ẹ́ nímọ̀ràn yẹn ló ṣì ẹ́ lọ́nà. Kábúrétọ̀ kì í ti epo sínú ẹ́ńjìn, afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá níbi tó ti há lọ́rùn ẹ̀ ló ń fa epo jáde látinú jẹ́ẹ̀tì, ihò tíńtín tí epo ń gbà, bí ìgbà téèyàn ń fi sítírọ́ọ̀ fa nǹkan mu. Tí ọ̀nà ọ̀fun yẹn bá wá gbòòrò jù, afẹ́fẹ́ á máa rìn gẹ̀ẹ́rẹ́, kò ní lágbára láti fa epo, pàápàá tí ẹ́ńjìn bá ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀ tó o wá ṣí tọ́tù gbayawu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ń jẹ́ kó kú sára nìyẹn.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Fi 4,000, ìyẹn iye tí ẹ́ńjìn ẹ lè yí ní ìṣẹ́jú kan tó o bá lé e dáadáa, sọ 300 di púpọ̀, kó o wá fi 3,456 pín in, òun ló ń sọ ọ́ di cfm. Wàá rí bíi 347. Ẹ́ńjìn àtijọ́ kì í sì í mí kún, mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, ó ku bíi 278 cfm. Ohun tí ẹ́ńjìn ẹ lè mu nìyẹn, ìwọ wá gbé 600 fún un! Adápítọ̀ yẹn náà ò ràn ẹ́ lọ́wọ́, ihò kan ṣoṣo ló ṣì wà nísàlẹ̀, àfi bí ẹni gbé àrọ ńlá sẹ́nu ìgò, gásíkẹ́ẹ̀tì sì ti di méjì, ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé lẹ́yìn náà ti di méjì nìyẹn. Dá a padà tí wọ́n bá ṣì máa gbà á, kó o lọ wá ẹlẹ́nu kan irú tàtijọ́ yẹn gan-an.

Tó o bá wá fẹ́ gbé e, jẹ́ kí ẹ́ńjìn tutù pátápátá, yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, kí ẹni tó ń mu sìgá kúrò nítòsí. Fi fóònù ya àwọn rọ́bà fákúùmù, ìyẹn àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìn ń gbà fa afẹ́fẹ́, kó o tó yọ ìkankan torí ọkàn èèyàn kì í gbà á. Bó o bá ti gbé ti àtijọ́ kúrò báyìí, kì àkísà mímọ́ bọ ihò mánífóòdù, ọ̀nà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìn. Mo ti jẹ́ kí nọ́ọ̀tì kan já bọ́ síbẹ̀ rí, odindi ọjọ́ kan ni mo fi wá a, ìyàwó mi ṣì ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ dòní. Fọ ojú ibẹ̀ kó mọ́ tónítóní, lo gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, má fi sílíkóònù sí i o, bẹntiróòlù á jẹ ẹ́ rà ni. Nọ́ọ̀tì, díẹ̀díẹ̀ ni kó o fún un, èyí lápá ọ̀tún, èyí lápá òsì, torí ẹni tó bá fún un bí ẹni fún táyà á tẹ ìdí kábúrétọ̀, tó bá sì ti tẹ̀, yóò máa fa afẹ́fẹ́ láéláé.

Kó o tó sítáátì, jẹ́ kí ẹnì kan tẹ pẹ́dàlì dé ìsàlẹ̀, kí ìwọ máa wo bóyá ìlẹ̀kùn tọ́tù ṣí tán, kó jọ̀wọ́ ẹ̀ kó o rí i bóyá ó padà fúnra ẹ̀. Tí kò bá padà wéré, sípíríìnì kù nìyẹn, má gbé ọkọ̀ náà jáde. Èyí ò ṣeé fi ṣeré.

Tí ẹ́ńjìn bá ti gbóná dáadáa, ìgbà yẹn ló wá kan sìkúrúù sílóò, èyí tó ń wọn epo tí ẹ́ńjìn ń mu ní sílóò. Kó tó dìde, wàá ti yí i wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí á fi kan ìdí, wàá wá yí i jáde ní ìyípo kan àtààbọ̀. Fi géèjì fákúùmù sí mánífóòdù, máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ géèjì á fi gòkè débi tó lè gòkè mọ. Ẹ́ńjìn tí ara ẹ̀ le máa ń wà láàárín 17 sí 21 ínṣì mẹ́kúrì lójú géèjì níbi tí ilẹ̀ ò bá ti ga. Tó o bá yí sìkúrúù wọlé tán tí ẹ́ńjìn ò tiẹ̀ mọ̀ pé o ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí ihò sílóò ti dí, tàbí kó o ti fi sìkúrúù kejì, èyí tó ń gbé ìlẹ̀kùn tọ́tù sí díẹ̀, ṣí tọ́tù jù.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọkọ̀ akẹ́rù mi kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ kábúrétọ̀, mo máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bátìrì kó tó dìde. Tí oòrùn bá tún mú, tí mo wá pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á tún kọ̀.

Èsì: Bàbá, ẹ kú àbójútó. Àìsàn méjì lẹ kó pọ̀ yẹn. Ti ọ̀sẹ̀ méjì, epo inú abọ́ kábúrétọ̀ ló ń fẹ́ lọ, abọ́ yẹn ní ihò tó fi ń mí, epo òde òní sì yára fẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Pọ́ǹpù tó wà lára ẹ́ńjìn ò lè fa òmíràn wá àfi tí ẹ́ńjìn bá ń yí. Tẹ́ ẹ bá da epo díẹ̀ sínú abọ́ gba ihò yẹn kẹ́ ẹ tó sítáátì, á dìde. Ti oòrùn, òdìkejì ni: ooru ẹ́ńjìn ń gòkè lọ bá abọ́, epo ń hó, ó ń ṣàn sínú ẹ́ńjìn, á fúlọ́ọ̀dù. Ẹ wá sípésà tí kì í gba ooru sábẹ́ kábúrétọ̀, kẹ́ ẹ gbé páìpù epo jìnnà sí ẹ́ńjìn. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ tẹ tọ́tù dé ìsàlẹ̀, ẹ mú un síbẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra, kẹ́ ẹ sítáátì.

Bàbá, rọ́bà epo ńkọ́? Tó bá jẹ́ ti ìgbà ọkọ̀ yẹn ni, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá. Ẹ́tánọ́ọ̀lù inú epo òde òní máa ń jẹ ẹ́, èérún dúdú ẹ̀ á wá lọ dí jẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ má tíì sọ ti iná tó lè ṣẹ́ yọ.

Ìbéèrè: Èéfín dúdú ń jáde, epo sì ń ṣàn lára kábúrétọ̀ tuntun mi. Ṣé wọ́n ta gbàrọgùdù fún mi ni?

Èsì: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo pọ́ǹpù. Tẹ́ ẹ bá ti fi pọ́ǹpù oníná rọ́pò, á máa ti epo ju agbára abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dí ọ̀nà lọ, kábúrétọ̀ àtijọ́ ò sì fẹ́ ju bíi 4 sí 6 psi (ìwọ̀n agbára tí epo fi ń tì) lọ, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí tó há sẹ́nu abẹ́rẹ́ yẹn náà ń ṣe é, tàbí fúlóòtù, ohun tó ń léfòó nínú abọ́ epo, tó ti lu tó wá ń rì. Ẹ yọ gèèjì ọ́ìlì kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀, tó bá ń rùn bí epo, ẹ má sítáátì mọ́, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ìbéèrè: Mo ti tú kábúrétọ̀ mi fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù méjì, ó ṣì ń jáàkì tí mo bá ń gun òkè. Oṣù mélòó mélòó ló yẹ kéèyàn máa fọ̀ ọ́ gan-an?

Èsì: Kò sí oṣù kankan, ẹ̀gbọ́n mi. Fíltà epo àti ti afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń pààrọ̀, kábúrétọ̀ tí epo mímọ́ bá ń wọ̀ lè lo ọdún gbọọrọ láìtú. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú, gbogbo ẹ̀sùn ẹ́ńjìn lẹ ń kó lé e lórí. Ẹ yẹ iná plọ́ọ̀gì wò: ẹ tú pọ́íǹtì, irin tó ń já iná tó ń lọ sí plọ́ọ̀gì, ẹ wo bóyá ojú ẹ̀ ti jóná, ẹ pààrọ̀ kóńdẹ́ńsà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ yẹ táímìnì, ìyẹn àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná, wò, kẹ́ ẹ wo rọ́bà fákúùmù tó lọ bá dísítríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, bóyá ó ti là. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì: tó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù, tó bá funfun bí eérú, afẹ́fẹ́ ló pọ̀. Tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ fi kábúrétọ̀ yẹn sílẹ̀ kó sinmi.