Ẹ yọ òkú ìwé kúrò kí ẹ tó ra tuntun: ìwé ìmọ̀ fún ilé ìkàwé ilé-ìwé girama

Olùkọ́ wa, ìbéèrè yín ni pé wọ́n fi ilé ìkàwé ilé-ìwé girama kan n'Íbàdàn sí ìkáwọ́ yín. Ìwé bíi 900 ló wà níbẹ̀, ìwé ìtàn àròsọ nìkan làwọn ọmọ ń yá, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sì fẹ́ fún yín ní ₦600,000 kí ẹ fi ra ìwé ìmọ̀, ìyẹn ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, fún SS1 sí SS3. Ẹ ní ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Àwọn ìwé tó ti kú ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá fa ìwé mẹ́ta yọ, tí ọ̀kan ti bu, tí èkejì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo floppy disk, ohun ìpamọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́, tí ẹ̀kẹta sì jẹ́ òfin owó orí ìlú òyìnbó, kò ní fa ẹ̀kẹrin. Á gbà pé apá ibẹ̀ kò ní nǹkan kan fún òun, á sì padà sídìí ìtàn àròsọ. Bí ẹ bá ti ìwé tuntun 70 bọ àárín òkú ìwé 600, àwọn tuntun náà ti kú nìyẹn.

Ẹ wá páálí mẹ́ta: ọ̀kan fún èyí tó máa dúró, ọ̀kan fún èyí tí a máa tún ṣe, ọ̀kan fún èyí tó ń lọ. Ẹ fọwọ́ kan ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ má kàn dúró lókèèrè ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń ṣe é, tí ọ̀kan ń yẹ̀ ẹ́ wò tí èkejì ń kọ sílẹ̀, ìwé 60 sí 80 lè kọjá lọ́wọ́ wọn ní wákàtí kan. Ọ̀sán mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó fún 900.

Ọdún tí wọ́n tẹ ìwé wà lẹ́yìn ojú ìwé àkọlé, àmọ́ àtúntẹ̀ máa ń tan ni jẹ: ọdún tuntun níwájú, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nínú. Ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ wo máàpù Nàìjíríà. Bí ìpínlẹ̀ bá jẹ́ 19, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wà ṣáájú ìparí 1987. Bí wọ́n bá jẹ́ 30 tí Èkìtì kò sí níbẹ̀, ó ti wà ṣáájú oṣù kẹwàá 1996. Máàpù Áfíríkà tí kò ní South Sudan ti wà ṣáájú 2011. Ìwé nípa sánmà tó ka Pluto mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án kò tíì gbọ́ ìpinnu 2006. Tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí 113, 115, 117 àti 118 kò lórúkọ níbẹ̀ ti wà ṣáájú ìparí 2016. Ìwé ẹ̀kọ́ nípa ìjọba tó ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ni à ń ṣe Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa ti lọ sẹ́yìn, torí láti 2019 ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà la ti ń ṣe é.

Ti ìlera ló ń dùn mí jù. Ìwé nípa kòkòrò HIV tí wọ́n kọ ṣáájú 1996 lè sọ fún ọmọ pé kò sí oògùn tó lè mú ẹni tó ní in pẹ́ láyé, pé ẹni tó bá ti ní in ti gba ikú nìyẹn. Lónìí, ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé ń pẹ́ láyé, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń bímọ. Ọmọ tó bá ka ìwé àtijọ́ yẹn lè jẹ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ ń lo oògùn ọ̀hún, ẹ kò sì ní mọ̀. Ẹ má fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ tọrẹ fún ilé-ìwé mìíràn. Ẹ fà á ya.

Èmi kì í fi ìwé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ju ọdún márùn-ún lọ. Ìwé ìlera, òfin àti yíyan iṣẹ́, ọdún márùn-ún náà ni kí ẹ tún wọn yẹ̀ wò. Sáyẹ́ǹsì, mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ ìwé. Ìwé ìṣirò ọdún 1975 tó ṣàlàyé dáadáa ṣì wúlò, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé nípa ẹyẹ, igi àti iṣẹ́ ọnà. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ yọ láé ni ìwé ìtàn ìlú, ìwé pẹlẹbẹ tí ìjọ tàbí ọ̀gbẹ́ni kan ní àdúgbò tẹ̀ fúnra rẹ̀, àti ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé-ìwé yín. Kò sí ibi tí ẹ ti máa tún irú wọn rà. Ẹ fi wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, kí àwọn ọmọ máa kà wọ́n níbẹ̀ láì gbé wọn lọ sílé.

Bí ilé-ìwé yín bá jẹ́ ti ìjọba, dúkìá ìjọba ni àwọn ìwé yẹn. Ẹ má dá nìkan kó wọn dànù. Ẹ kọ orúkọ ìwé, nọ́mbà rẹ̀ nínú rẹ́jísítà àti ìdí tí ẹ fi yọ ọ́, kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi bírò pupa fa ìlà sí i nínú rẹ́jísítà pẹ̀lú déètì. Ìyẹn ló máa gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ̀wò bá dé tí iye kò bá pé. Ẹ sì lu òǹtẹ̀ “A ti yọ ọ́” sójú ìwé àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á rí i níbi tí wọ́n ti ń fi pépà dì ẹ̀pà, á sì rò pé wọ́n jí i ni.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó wá mọ ohun tí ẹ kò ní. Ẹ gbé ìwé àjákọ kan sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, kí ẹ kọ “Ohun tí mo wá tí n kò rí” sí i lórí, kí ẹ so bírò mọ́ ọn. Ẹ fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ó rí nǹkan bíi ìtọ́jú adìyẹ, títún fóònù ṣe, ìtàn Ìjàyè, jẹ́nótáìpù, bí wọ́n ṣe ń wọ yunifásítì, bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn olùkọ́, àmọ́ ẹ má béèrè ìwé tí wọ́n fẹ́. Bí ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀, ìwé ìdánwò tí wọ́n fi ń kọ́ni ni gbogbo wọn máa dárúkọ. Kí ẹ béèrè pé: “Orí ẹ̀kọ́ wo ni àlàyé inú ìwé àwọn ọmọ kò tó?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló wúlò fún yín.

Ìwé ìdánwò náà ni ihò tí owó ilé ìkàwé máa ń jò gbà. Ẹ̀dà 40 ìwé kẹ́mísírì kan lè gbé owó yín mì, àwọn ọmọ tó lówó ti ní in tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí ilé-ìwé bá sì yí ìwé padà, gbogbo 40 di ẹrù. Ẹ̀dà méjì-méjì fún kókó ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti tó, kí wọ́n máa kà á níbẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe máa pín ₦600,000 yẹn. Ẹ yọ ₦60,000 fún rẹ́jísítà, òǹtẹ̀, nọ́mbà ẹ̀yìn ìwé, ọ̀rá ìbòrí àti téèpù. Ẹ fi ₦90,000 pamọ́ fún sáà kejì. ₦450,000 ló kù fún ìwé. Bí ìwé kan bá jẹ́ ₦8,000 ní ìpíndọ́gba, 56 ni. Ó kéré, torí náà ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó wá ṣe. Nínú 56, kí 18 jẹ́ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́ (ẹja sínsìn, aṣọ rírán, iná mànàmáná, sísè oúnjẹ), kí 14 jẹ́ ìtàn, ìjọba àti ìtàn ìgbésí ayé, kí 9 jẹ́ ìlera àti ara ọ̀dọ́, kí 7 jẹ́ owó àti yíyan iṣẹ́, kí 6 jẹ́ èdè àti àṣà Yorùbá, kí 2 jẹ́ ìwé máàpù àti ìwé atúmọ̀-èdè.

Ní ti àwọn 14 yẹn, ẹ má ṣe ra ìwé ńlá nìkan. Ìwé tí kò tó 100 ojú ìwé ló ń fa ọmọ SS1 wọlé. The Trouble with Nigeria tí Chinua Achebe kọ ní 1983 tín-ín-rín, ó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kíláàsì ìjọba. Aké tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981 jẹ́ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ló tì í sáàárín ìtàn àròsọ. Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn ìwé ìgbésí ayé, ọmọ tó bá wá a wá yóò rí àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí ó sì jáde ní 1921, kò gbọ́dọ̀ sọnù níbẹ̀. Ẹ lẹ pépà kékeré mọ́ inú rẹ̀ láti sọ fún ọmọ pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, kí ó ka ìwé ìtàn Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá tàbí Èkìtì pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé Yorùbá tí kì í ṣe ìtàn àròsọ ṣọ̀wọ́n lọ́jà, nítorí náà ẹ wá a gidigidi: ìwé àṣà, ìwé òwe tó ní àlàyé, ìwé gírámà, ìwé ewé àti egbò. Ọmọ tó ń sá fún ìwé òyìnbó tó le lè fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ìwé kọ̀ọ̀kan wò báyìí. Ẹ ṣí àárín rẹ̀ gbalaja. Bí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ bá pariwo tí ewé sì fẹ́ yọ, kò ní lo sáà kan lọ́wọ́ ọmọ. Èyí tí wọ́n fi òwú rán ló ń pẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé bóyá atọ́ka ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tó ní iṣẹ́ àṣetiléwá kì í ka ìwé tán, ó fẹ́ lọ tààrà sí ojú ìwé tó kàn án, ìwé tí kò ní atọ́ka á sì já a kulẹ̀. Ẹ wo àwòrán. Bí ó bá dúdú bíi pé wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ṣe é, tí ìlà ọ̀rọ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ayédèrú ni. Ẹ ka nọ́mbà ojú ìwé kọjá àárín, torí ibẹ̀ ni ayédèrú ti máa ń fo ojú ìwé 16 tàbí 32 lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ SS1 mẹ́ta ka ojú ìwé kan. Bí ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ̀ bá ju márùn-ún lọ, ìwé náà le jù fún ìdákà, àfi bí àwòrán rẹ̀ bá gbè é. Ẹ lè lo ìwé àlòkù bíi ti Yábà l'Ékòó fún ìgbésí ayé àti ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ má ra ti ìlera tàbí kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀bùn ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kó o wá pé ẹ ó yàn nínú rẹ̀, ẹ ó sì gbé ìyókù lọ síbòmíràn. Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ fún un ní orúkọ ìwé mẹ́wàá tí ẹ fẹ́.

Ètò nọ́mbà Dewey, tó ń fún kókó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, ti tó fún títò. Nọ́mbà onídígíìtì mẹ́ta péré ni kí ẹ lò, bíi: 297 Ìsìláàmù, 330 ọrọ̀ ajé, 510 ìṣirò, 540 kẹ́mísírì, 630 iṣẹ́ àgbẹ̀, 920 ìgbésí ayé. Ibi tí ìwé bá pọ̀ sí nìkan ni kí ẹ ti fi ojú-àmì àti nọ́mbà mìíràn kún un, bíi 966.9 fún ìtàn Nàìjíríà, 496.333 fún èdè Yorùbá, 299.6 fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé ló tẹ̀ lé e. Ẹ pinnu lẹ́ẹ̀kan bóyá Ẹ àti E jọ máa wà pọ̀ tàbí wọn ò ní wà pọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé òǹkọ̀wé kan náà á wà níbi méjì.

Òbí kan máa wá sọ pé kí ẹ yọ ìwé òrìṣà, òmíràn á ní kí ẹ yọ ìwé tó ń ṣàlàyé nǹkan oṣù àti ìbálágà. Ẹ má dúró di ọjọ́ náà. Ẹ kọ ojú ìwé kan tó sọ ìdí tí ẹ fi ń yan ìwé, ẹni tó ń yàn án, àti bí a ṣe ń fẹ̀sùn kan ìwé: kí òbí kọ̀wé, kí ó dárúkọ ojú ìwé, kí ènìyàn mẹ́ta kà á tán kí wọ́n tó dá a lóhùn. Kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ máa ń rọlẹ̀ ní ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹni náà dárúkọ ojú ìwé.

Pẹpẹ onírin sàn ju ti igi lọ nítorí ikán, ṣùgbọ́n ikán ń mọ ilé gun irin pẹ̀lú. Ẹ fa pẹpẹ náà kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí pẹpẹ ìsàlẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ẹ má kún pẹpẹ dẹ́nu. Ẹ fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹ lè gbé ìwé mẹ́wàá dúró lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí iwájú wọn kọjú síta. Ìwé ìmọ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ kì í pè é, nítorí kò mọ òǹkọ̀wé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bó ṣe mọ ti ìtàn àròsọ. Ẹ má sì ti kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì pa.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má dá ìwé padà sórí pẹpẹ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi pẹ́ńsù tọ àmì kan sẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá níbẹ̀, kí ẹ tó tò ó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ ni wọ́n máa ń kà tí wọn kì í yá, rẹ́jísítà ìyáwèé kò sì ní fi í hàn. Ní òpin sáà, èyí tó ní àmì 15 nílò ẹ̀dà kejì, èyí tí kò ní ẹyọ kan, ẹ kọ́kọ́ yí ibi tó wà padà kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Àwọn àmì wọ̀nyẹn àti ìwé àjákọ ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ fi ná ₦90,000 tí ẹ fi pamọ́, òun náà sì ni kí ẹ gbé síwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ nígbà tí ẹ bá tún padà lọ bá wọn.