Ṣé aṣọ dúdú ló ń fa òwú wẹ́wẹ́ mọ́ra ni?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ẹ̀rọ ìfọṣọ kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń fọ aṣọ. Funfun ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn, dúdú ni tèmi. Tirẹ̀ a jáde ní mímọ́ tónítóní; tèmi a kún fún òwú wẹ́wẹ́ bí ẹni pé mo sùn lórí tìmùtìmù tó ya. Ó ní àwọ̀ dúdú ló ń fà á, kí n lọ wá àwọ̀ mìíràn wọ̀. Ṣé òótọ́ ni?
– Aṣọ Dúdú Ti Sú Mi

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má tíì kó aṣọ rẹ dànù. Òwú wẹ́wẹ́ wà lára aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ náà, àfi pé aṣọ funfun mọ àṣírí bò.

Bẹ̀ ẹ́ kó yá ọ ní ẹ̀wù funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Wé sẹ́lótéèpù mọ́ ọwọ́, kí ojú tó ń lẹ̀ wà níta, kí o fi tẹ èjìká àti àyà ẹ̀wù náà káàkiri. Tú u, kí o wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan dúdú. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wò ó.

Ìyàtọ̀ ni ojú ẹ̀dá ń wá. Nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bọ́ sórí aṣọ tó dúdú dáadáa, agbára káká ni 5 fi ń padà sí wa lójú. Funfun a máa dá bíi 80 padà, nígbà mìíràn a jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun bá bọ́ sórí funfun, kí lojú fẹ́ fi dá wọn mọ̀? Ìràwọ̀ kì í kúrò lójú ọ̀run lọ́sàn-án. Ibi tó wà náà ló wà, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló bò ó.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé, ṣebí aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ ń fọ̀, kí ló dé tí òwú tó ń já lára wọn fi máa ń funfun tàbí kó rí bí eérú? Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo tín-ín-rín débi pé, bí o bá to 50 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò lè fẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Aró tó wà nínú ẹyọ kan kéré gan-an. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ bá wé mọ́ra wọn ni àwọ̀ ń ki. Fọ́nrán òwú tí a kò pa láró, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti dígí ni, ṣùgbọ́n bó bá dì jọ ní wúruwùru, ìmọ́lẹ̀ a máa ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún láàárín rẹ̀, a sì wá rí i ní funfun. Lọ dígí lúbúlúbú wò, àbí kí o wo omi ọṣẹ nígbà tó bá hó. Ohun kan náà ni.

Èmi fúnra mi, ojú ti rí nídìí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo rán síkẹ́ẹ̀tì àrán dúdú kan lórí tábìlì tí mo ti gé aṣọ funfun láàárọ̀. Lábẹ́ iná alẹ́ tó ń tàn láti òkè, mo wò ó títí, ó mọ́ lójú mi. Oníbàárà dé lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, oòrùn tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo òwú tó dúró ṣanṣan lórí rẹ̀ bá yọ. Ó bi mí bóyá mo fi nulẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ti ń yẹ aṣọ dúdú wò.

Àmọ́ ká má purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Òótọ́ ni pé aṣọ kan ń fa òwú ju òmíràn lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọ̀. Àrán àti aṣọ onírun àgùntàn ní irun lára tó ń gbá òwú mú. Polyester ní tirẹ̀, bó bá ń ha ara, iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ a máa jókòó sára rẹ̀, kì í sì í tètè lọ nítorí pé aṣọ náà kì í fa omi mu. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó tún burú sí i. Bí aṣọ rẹ bá ń ta ṣáṣá nígbà tí o ń bọ́ ọ, tí irun apá rẹ ń dìde, irú rẹ̀ nìyẹn. Òwú gidi ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, iná náà sì ń tètè bá a lọ.

Ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni ìwọ: màá kọ́kọ́ yọ aṣọ ìnura kúrò láàárín aṣọ dúdú. Òun ni olórí ọ̀daràn. Màá yí aṣọ dúdú síta-sínú kí n tó jù ú sínú ẹ̀rọ, màá sì yẹ àpò wò, nítorí tíṣù ẹyọ kan tó bá yọ́ nínú omi, gbogbo aṣọ ọjọ́ náà ló máa bá wí. Àwọ̀n tó ń gba òwú nínú ẹ̀rọ ńkọ́? Ìgbà wo lẹ nù ún kẹ́yìn? Èyí tó bá ṣẹ́kù lára aṣọ, fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó rin díẹ̀ ra á sí ọ̀nà kan ṣoṣo, á dì jọ, wàá sì ṣà á kúrò.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, jẹ́ kí irun dúdú ẹyọ kan péré já sórí ẹ̀wù funfun rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà lo ti máa rí i.