Regensburg: kí o tó bèèrè ọdún, bèèrè ẹni tó ni ín

Àbúrò, o ní o máa sọ̀rọ̀ lórí ìtàn Regensburg, ìlú kan ní Jámánì, ní kíláàsì lọ́sẹ̀ méjì sí i, o ń bèèrè ọdún tí wọ́n kọ́ kàtídírà ibẹ̀ gan-an àti ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, mi ò fi ẹ́ ṣẹ̀sín o, ìbéèrè yìí náà ni mo gbé wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà tí mò ń ṣe pùrọ́jẹ́ẹ̀tì tèmi, ojú mi sì rí màbo.

Ìbẹ̀rẹ̀ ò le. Àwọn sójà Róòmù kọ́ bárékè sí etí odò Danube lọ́dún 179, Castra Regina ni wọ́n pè é, bíṣọ́ọ̀bù dé ní 739, wọ́n kọ́ afárá olókùúta láàárín 1135 sí 1146. Ibi gbogbo ni wàá ti rí ìyẹn, kọ ọ́ kí o máa lọ. Ratisbon tí wàá máa bá pàdé nínú ìwé àtijọ́, Regensburg náà ni. Fáìlì méjì ni mo ti yà sọ́tọ̀ kí n tó mọ̀, má bi mí.

Ibi tó dùn mí rèé. Mò ń wá ìwé nípa kàtídírà, mo bá lọ síbì kan tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba ìlú pamọ́ sí. Mo kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹjọ, mo padà wá, ọ̀gbẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ ní "kò sí níbí", ó kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà. Ó tán. Kò sọ ibi tó wà, kò sọ ìdí. Mo tún san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí màmá àgbàlagbà kan tó ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ní "kàtídírà kì í ṣe ti ìlú, ti bíṣọ́ọ̀bù ni". Ohun tí ọ̀gá yẹn ì bá fi ìṣẹ́jú kan sọ!

Ṣé o rí i, láyé àtijọ́ ìjọba márùn-ún ló wà nínú ìlú kan ṣoṣo yẹn. Ìlú fúnra rẹ̀, tó gba òmìnira lọ́wọ́ olú ọba Frederick Kejì ní 1245, tó wá fi Kátólíìkì sílẹ̀ bá Luther lọ ní 1542. Bíṣọ́ọ̀bù, tó ṣì jẹ́ Kátólíìkì, tó jókòó ti kàtídírà rẹ̀ láàárín wọn. Àti ilé ìsìn mẹ́ta tó ń dá ara wọn ṣe, St. Emmeram, Niedermünster àti Obermünster. Ìwé kálukú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. O tún kọ "ìlú Bavaria àtijọ́". Rọra o. Ayé àwọn dúùkù àkọ́kọ́ tó jọba Bavaria, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1245 kò sí lábẹ́ Bavaria mọ́ títí di 1810, àfi ìgbà tí gbèsè mú kí wọ́n fara wọn fún dúùkù ní 1486, títí wọ́n fi gba ìlú padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1492. Láyé ìgbà yẹn, tí o bá sọdá afárá sí Stadtamhof ní òdìkejì odò, ibẹ̀ ni ilẹ̀ Bavaria. Lẹ́kíṣọ̀rà mi fi bírò pupa wọ́ gbólóhùn "ìlú Bavaria" yẹn nínú iṣẹ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò kọ́ wa rí.

Nígbà tí ìwé wá tẹ̀ mí lọ́wọ́, mi ò lè kà á! Kurrent ni wọ́n ń pe ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará Jámánì yẹn, "e" wọn dà bí "n", "u" wọn náà dà bí "n", àfi ìlà kékeré tó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n fi lé e lórí. Láti àárọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ìlà mẹ́rin ni mo kà, mo ṣi méjì kà níbẹ̀. Ìwọ má dé ìdí ẹ̀, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde tó ẹ.

Àwọn tó ń mú àlejò kiri ńkọ́, sọ́sééjì ẹ̀gbẹ́ afárá ni wọ́n máa sọ fún ẹ títí. Bi wọ́n léèrè nípa 1519. Olú ọba Maximilian tó ń dáàbò bo àwọn Júù kú ní oṣù kìíní, kí oṣù kejì tó parí ìlú ti lé wọn jáde, wọ́n wó sínágọ́gù wọn, wọ́n hú òkúta ibojì wọn, wọ́n sì mọ díẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé. Wo ògiri dáadáa tí o bá débẹ̀, lẹ́tà Hébérù ṣì wà lára àwọn kan.

Háà, ọdún kàtídírà! Iná jó ti tẹ́lẹ̀ ní 1273, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò sì parí àwọn ilé ìṣọ́ méjì ọ̀hún títí di 1869. Kọ méjèèjì.